Owó Igi Obì Bàbá Wọn

Nínú bọ́ọ̀sì láti Símáwà lọ sí Ṣàgámù, lọ́dún tí ìjọba sanwó igi obì tí wọ́n gé nítorí ọ̀nà, ni mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin jà.

“Owó igi Bàbá ni. Ká fi tún òkú wọn ṣe. Ará Mákùn ṣì ń bú wa pé a ò pa màlúù.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìpín tiyín pa á. Ilẹ̀ oko ni mo ń lọ fi tèmi rà.”

“Ojú ò tì ẹ́?”

“Nígbà tí Bàbá wà láàyè, ẹja gbígbẹ lásán ẹ ò rà fún wọn. Màlúù ló wá yá? Igi ni wọ́n gbìn fún wa, igi lèmi náà máa gbìn.”

“Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́!”

“Kí wọ́n wá ṣe é lóko mi. Màá fún wọn lọ́kọ́.”

Ọkọ́, ẹ gbọ́! Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, àfi bọ̀ọ̀dá.