Omi Agogo fún Ọmọ Tí Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bomú, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Tòpò, mo gbọ́ tí ìyá ọkọ kan ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ fà á. Wọ́n ń gbé ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ lọ mu omi nínú agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí ohùn rẹ̀ lè là.

"Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí o ń gbé mì nínú oyún ló dí ọmọ yìí lẹ́nu."

"Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọkọ mi pé ọdún mẹ́ta kó tó fọhùn. Oògùn wo lẹ̀yin gbé mì?"

"Àgbo lásán ni!"

"Àgbo yẹn mà le o! Dókítà ní kò dá òun lójú pé oògùn mi ló fà á."

"Kí ló tiẹ̀ dé tí o mu ún?"

"Ọ̀sà yìí ń pè mí nígbà náà, Màámi. Ọpẹ́lọpẹ́ oògùn ni mi ò fi bọ́ sínú ẹ̀ tòun toyún. Ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀ ṣáà sàn ju ọmọ tí kò ní ìyá tí yóò dá a lóhùn."

Ìyá ọkọ náà fa ọmọ sórí itan, ó ń nu imú rẹ̀.

Mo sọ fún àwọn ọmọ tèmi nígbà tí mo délé pé: "Bó bá wù yín, ẹ fún ọmọ lómi agogo, ṣùgbọ́n ẹ má já oògùn gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."