Ìwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Máńgòrò Bilbalogo

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1985, láago mẹ́wàá àárọ̀. Ramatou ni ó pè láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ouagadougou. Sàláwù, bàbá rẹ̀, ti lọ parí ilé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ́fíìsì Bùsàrí, àbúrò Sàláwù, ni ó ti gba ìpè náà.

[Ariwo ìlà.]

BÙSÀRÍ: Hello. Ta nìyẹn?

RAMATOU: Ẹ káàárọ̀, Bàbá kékeré. Ramatou ni, láti Ouaga. Bàbá mi ń bẹ níbẹ̀?

BÙSÀRÍ: Láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti ń dúró. Hold on. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà.

SÀLÁWÙ: Ràmátù?

RAMATOU: Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ṣé àlàáfíà ni?

SÀLÁWÙ: Àlàáfíà ni. Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́?

RAMATOU: Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín —

SÀLÁWÙ: A ti kan páànù. Ó ń dán gbinrin. Yàrá tìrẹ kọjú sí ọ̀nà — ṣé o gbọ́ mi?

RAMATOU: Mo ń gbọ́. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́, Bàbá.

SÀLÁWÙ: Ìwé wo?

RAMATOU: Liste. Orúkọ àwọn tí ìjọba máa fún nílẹ̀ tí wọ́n bá wó àdúgbò wa, Bilbalogo, tán.

SÀLÁWÙ: Wọ́n á wó o lóòótọ́?

RAMATOU: Katakata ti wó apá ọ̀nà ọjà. Ọjọ́bọ̀ ló kàn wá. Mo ka liste yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀.

[Ìlà ń dún.]

SÀLÁWÙ: Kò burú. Ẹ di ẹrù yín, kí ẹ máa bọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

RAMATOU: Kí lẹ sọ fún àwọn tó wá ka ilé?

SÀLÁWÙ: Ìgbà wo?

RAMATOU: Kí ẹ tó lọ. Àwọn tó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn wa.

SÀLÁWÙ: Ohun tí mo máa ń sọ ni. Àlejò ni wá, à ń padà sílé.

RAMATOU: Wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. «De passage.» Èrò ọ̀nà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

SÀLÁWÙ: Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ẹni tó bá wà nílùú onílùú —

RAMATOU: Gbogbo yín lẹ sọ ọ́. Kò sí orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo lára ògiri yẹn.

SÀLÁWÙ: Ẹ̀gbọ́n mi Àríyọ̀ ò sọ ọ́ ní Kùmásí. Ó ní ará ibẹ̀ lòun. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba Ghana fún un kó fi kúrò nílùú — ṣé o gbọ́ mi? Àpótí méjì ló gbé délé.

RAMATOU: Mo ti ń gbọ́ ìtàn àpótí yẹn láti kékeré. Mi ò ní di àpótí kankan.

SÀLÁWÙ: Má ṣorí kunkun. Ògbómọ̀ṣọ́ nilé rẹ.

RAMATOU: Ẹ̀yin lẹ wà lájò, Bàbá. Èmi ò kúrò nílé rí.

SÀLÁWÙ: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?

RAMATOU: Bàbá mi ni. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ta ló sin ìwọ́ mi?

SÀLÁWÙ: Kí lo —

RAMATOU: Ìyá yín ránṣẹ́ pé kí ẹ gbé e wá, kí wọ́n sin ín sí àgbàlá Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló kọ̀?

[Ariwo ìlà.]

RAMATOU: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÀLÁWÙ: Mo gbọ́.

RAMATOU: Ẹ fọwọ́ ara yín gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ gbin máńgòrò lé e. Àlejò wo ló ń sin ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sílé onílé?

SÀLÁWÙ: Ìyá rẹ ló bẹ̀ mí.

RAMATOU: Ìyá mi wà ní itẹ́ òkú Gounghin. Ṣé kí n di òun náà mọ́ ẹrù?

SÀLÁWÙ: Ó tó, Ràmátù.

RAMATOU: Kò tíì tó. Obìnrin kan, Augustine, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, olórí comité, ìgbìmọ̀ àdúgbò wa. Ó mọ̀ yín. Ó ní tóun bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ará àdúgbò ni yín, òun á kọ orúkọ yín kún un lónìí.

SÀLÁWÙ: Lórí fóònù? Èrò wà lẹ́yìn mi. Bùsàrí wà níbí. Òun ló bá mi dúró ti ilé tí mò ń kọ́ láti ìpìlẹ̀.

RAMATOU: D'accord, ó dáa. Mòré, èdè ibí, ni kí ẹ bá a sọ. Ẹ gbà.

[Sàláwù ń sọ Mòré, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Augustine dáhùn, ó rẹ́rìn-ín.]

RAMATOU: Ó ti ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: barka, Augustine.

SÀLÁWÙ: Ó parí nìyẹn. Kí àwọn àbúrò rẹ —

RAMATOU: Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá.

SÀLÁWÙ: Nítorí kí ni? Obìnrin náà ti gbọ́.

RAMATOU: Èmi ni mi ò tíì gbọ́. Ẹ fi Mòré bò ó mọ́ Bùsàrí lójú. Bí ẹlòmíràn bá kanlẹ̀kùn lọ́la, ẹ ó tún ní àlejò ni wá.

[Ohùn òṣìṣẹ́ fóònù: «Une minute.» Ó ku ìṣẹ́jú kan.]

SÀLÁWÙ: Ará Bilbalogo ni mí.

RAMATOU: Mi ò gbọ́.

SÀLÁWÙ: Mo ní ará Bilbalogo —

RAMATOU: Ìlà ń já, Bàbá. Ẹ gbóhùn sókè.

BÙSÀRÍ: Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sọ? Àwọn èèyàn ń wò yín.

SÀLÁWÙ: Kí wọ́n máa wò. Fi mí sílẹ̀, Bùsàrí. Ará Bilbalogo ni mí! Ìwọ́ ọmọ mẹ́ta ni mo sin síbẹ̀, ìyá wọn sì wà nínú ilẹ̀ yẹn. Èmi kì í ṣe àlejò. Ràmátù? Ṣé o gbọ́ mi? Ràmátù, ṣé o —

[Ìlà já.]