Kí Ẹ Tó Gun Òkè Ìdánrè

Ní ìsọ̀ télọ̀ kan ní Ìgàndó, níbi tí mo ti ń dúró de ṣòkòtò mi, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì.

"Dádì, tí wọ́n bá ti fún wa nísinmi, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ gun òkè Ìdánrè."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí orúnkún máa ń dùn tí mo bá ní kó o lọ ká aṣọ lórí okùn?"

"Dádì, ìyẹn yàtọ̀ jàre!"

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó máa ya ẹ́ ní fọ́tò nídìí okùn aṣọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó dákẹ́, ó wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa.

"Àbí ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni?"

"Lọ jàre. Ó kàn jẹ́ pé látìgbà tó o ti wọ yunifásítì, ilé ti dákẹ́ jù. Mo ń gbọ́ bí fìríìjì ṣe ń mí."

Ọ̀rọ̀ fìríìjì yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi.

"Ó dáa," ni ọmọ náà wí. "Gbogbo wa á kọ́kọ́ wá sùn sílé wa. A máa pariwo títí ẹ máa fi bẹ̀ wá pé ká máa lọ."

"Ẹ ṣáà máa bọ̀," ni bàbá dáhùn. "Mi ò ní bẹ̀ yín."