Omi Tí N Kò Sè

Kí ẹ tó gbéra lọ sí káńpù lọ́jọ́ Sátidé, òtítọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi, bí kò bá tilẹ̀ ku ẹyọ eyín kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kì í ṣe ẹ̀wà Àǹtí Sàfúrátù ló pa Inúolúwa. Èmi ni. Èmi Lásúnkànmí fọkanáísà, aláwàdà yín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó wá kà á fún yín, torí mo mọ ara mi: bí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́, mo lè dẹ́rìn-ín pa yín, kí n sì tún bá ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ.

Ìwé mi ò jìnnà. Kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti bẹ́ gìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ti irọ́, mo ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Èmi ni mo sọ fún yín pé mo fi ẹnu fẹ́ taya tírélà títí ó fi le. Èmi náà ni mo ní ẹ̀fọn kan gbé mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé mi dé Ìpẹ̀rú kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń yí nílẹ̀, èmi sì rò pé kò sóhun tí èèyàn ò lè fẹnu gbé kọjá láyé yìí. Òmùgọ̀ ni mí.

Ní káńpù ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ la fi rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ẹ̀yìn àwọn oko lápá Òde Rẹ́mọ, a sì pàgọ́ sí etí odò kékeré kan. Kí a tó débẹ̀, gbogbo piọ́ wọ́tà tí a rù ti tán. Tíṣà Oyèbọ̀dé, olórí wa, pè mí. Wọ́n ní, “Lásún, omi odò la máa mu o. Jẹ́ kó tòrò ná, fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí o wá sè é kó hó dáadáa, kó máa yí nínú ìkòkò. Má sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Màá sè é débi pé ìkòkò á máa bẹ̀ mí.”

Létí odò, mo bá Àlíyù tó máa ń da màlúù gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ mi. Ó ní, “Bọ̀dá, màlúù ń wọ omi yìí lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n ń tọ̀ sí i, wọ́n ń yàgbẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é gan-an o.” Mo ní, “Ìgbẹ́ màlúù kẹ̀? Ìyẹn ti di ọbẹ̀ ẹran nìyẹn!” Kò rẹ́rìn-ín. Mo sín in jẹ, mo pọn omi mi.

Òjò ti rọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo igi tutù. Mo fẹ́ iná títí ojú mi fi pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n omi yẹn kò ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Àwọn ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Níyì ń pariwo sí mi pé, “Lásún! A ò ní kípà o! Àbí o ti fẹ́ ìkòkò níyàwó ni?” Ara mi ò gbà á mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi tí a bá fi igi sè máa ń gba èéfín. Mo sì mọ̀ pé Tíṣà ò ní wo ìkòkò. Wọ́n á bu omi sí ife, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, bí àwọn ìyá wọn ṣe kọ́ wọn nílé. Mo fa igi tó ń jó lọ́wọ́ yọ, mo tì í bọ inú omi, ó dún ṣàá! Mo tún ti òmíràn bọ̀ ọ́. Mo sẹ́ eérú rẹ̀ kúrò, mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Tíṣà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mi orí. “Èyí ti hó. O ṣeun, ọmọ mi.” Ọmọ wọn ti sáré lọ ṣe kípà.

Nígbà tí a gbá bọ́ọ̀lù tán, Inúolúwa mú ife wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, tó máa ń wẹ egbò fún gbogbo ayé. Ó ní, “Bọ̀dá Lásún, ṣé omi yìí hó dáadáa?” Mo ní, “Ó hó débi pé ọ̀run gan-an gbóná. Mu ún jàre, nọ́ọ̀sì aláṣejù.” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mu tán. Ó ní ó ń ta sánsán bí ẹja yíyan. Èmi ńkọ́? Mo ti fi ṣòkòtò wé piọ́ wọ́tà pamọ́ sínú báàgì mi. Ẹ̀yìn àgọ́ ni mo ti ń fà á mu. Ìkà tó mọ ohun tó ń ṣe ni mí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ti Inúolúwa ló le jù. Ó ń bì, ó ń ṣu omi, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Tíṣà ké pé, “Ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un! Lásún, bu omi tó o sè wá!”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Piọ́ wọ́tà ṣì kù nínú báàgì. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo fi í pamọ́. Nítorí ìtìjú kékeré yẹn, mo bu omi màlúù náà, mo po iyọ̀ àti ṣúgà sí i, mo gbé orí ọmọ náà lé itan mi, mo sì ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bọ̀dá.” Mo fún un títí ife fi gbẹ. Ó dákẹ́ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ní Ṣàgámù.

Nọ́ọ̀sì ọsibítù bi wọ́n léèrè omi. Tíṣà ní, “A sè é. Èmi fúnra mi gbóòórùn rẹ̀.” Ó wá ku oúnjẹ nìkan tí wọ́n lè fura sí. Nígbà tí a padà dé, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì níbí, Bàbá Ayọ̀délé, alága wa, yíjú sí mi. “Ìwọ nìkan ni inú ò run. Kí ni ìwọ ò jẹ?” Mo ní, “Ẹ̀wà ni, sà. N ò fọwọ́ kàn án, ó ń rùn sí mi.” Irọ́ ni o! Àwo méjì ni mo jẹ. Àǹtí Sàfúrátù tó sè é ní káńpù bú sẹ́kún. “Lásún, ṣebí ìwọ lo ha ìdí ìkòkò? Èmi náà ò ṣàìsàn ni?” Ẹnì kan ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ̀wà rẹ̀ mú òun náà.” Mo fi kún un pé kòkòrò inú ẹ̀wà náà ń jó. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é kó wá dáná, ó sì kó kúrò láàárín wa.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, Tíṣà ní èmi ni màá tún se omi káńpù, pé omi tèmi ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Inúolúwa náà pàtẹ́wọ́. Mo jáde lọ bì lẹ́yìn ògiri.

Mo wá Àǹtí Sàfúrátù lọ sí Òde Rẹ́mọ, níbi tó ti ń bá wọn yan gàrí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, “Níbo lo ti bà mí lórúkọ jẹ́?” Mo ní, “Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo èèyàn.” Ó ní, “Ṣé ibí yìí ni?” Mo ní rárá. Ó ní, “Dìde nílẹ̀. Gàrí mi ń jóná.”

Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá dé etí odò, ẹ má fi imú mọ omi tó hó. Ẹ dúró tì í, kí ẹ fi ojú yín rí i bó ṣe ń yí. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Ẹni tó bá sè é ni kó kọ́kọ́ mu ún lójú gbogbo yín. Tí igi bá tutù, ẹ jẹ́wọ́ pé igi tutù, kí ẹ fara da òùngbẹ padà wálé.

Ìyá Inúolúwa, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ láti ọdún tó kọjá. Ẹ ní ẹ̀wà máa ń da ọmọ yín láàmú, ẹ ti kìlọ̀ fún un kó má jẹ ẹ́, àìgbọràn ló pa á. Mà, kò jẹ ẹ́. Èmi ló gbé àwo tirẹ̀ fún. Ó ní, “Ẹ gbà, Bọ̀dá, Mọ́mì mi ní kí n má jẹ ẹ̀wà.” Ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu títí ó fi kú. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ lọ bá a níbi tó sùn sí, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àánú kankan bá ṣì kù nínú yín, kí ẹ wá ro tèmi wò.