Ṣíbí Tí Mo Fún Tọ́ọwò

Àbúrò mi, fa àga rẹ súnmọ́ mi. Ìwọ ọmọ rẹ̀ náà, má tíì lọ. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ lánàá, mi ò sì fẹ́ gbé èyí wọ sàréè. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti wà níkùn mi.

Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù kéèkì wa. Àbúrò mi ló ń yan án tó sì ń tà á, èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun. Ìwọ, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, Tọ́ọwò là ń pè ọ́, torí o kì í jẹ́ kí n fọ abọ́ láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ lá kéèkì tí iná ò tíì kàn tó kù sínú rẹ̀. "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò!" Màá rẹ́rìn-ín, màá fún ọ ní ṣíbí. Mo fẹ́ràn rẹ ju ara mi lọ. Ẹ wo ẹnu tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀!

Lọ́jọ́ kan tí àbúrò mi lọ ra ẹyin, ọkùnrin tó ń gbé ìyẹ̀fun wá fún wa mú lẹ́tà dé. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí wà nínú ìyẹ̀fun tí nọ́ńbà yìí bá wà lára àpò rẹ̀. Ẹ kó o jọ, a fẹ́ gbà á padà." Àpò wo? Bí àpò bá ti dé ni mo máa ń dà á sínú àgbá, lórí ìyókù ti tẹ́lẹ̀, màá sì fi àpò náà nu ilẹ̀. Àbúrò mi ti sọ ọ́ títí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lo ti tẹ́lẹ̀ tán ká tó da tuntun sí i." Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kí n wá sọ fún un pé òun ló jàre, pé ká da odindi àgbá nù? Àgbàyà ni mí! Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ìyẹ̀fun tiwa kọ́, mo ki lẹ́tà bọ àpò aṣọ mi. Mo ní lọ́kàn mi pé iná á pa ohun tó bá wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, iná ń pa á. Ṣùgbọ́n ti inú abọ́ ò dé ọ̀dọ̀ iná.

Nígbà tí mo po kéèkì ọjọ́ náà tán, o nawọ́. Mo ní rárá. O bú sẹ́kún. Àbúrò mi ti dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ṣahun sí i lónìí?" Mo mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fún ọ ní ṣíbí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, o ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Kíndìnrín rẹ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje la lò lọ́sibítù. Àbúrò mi ń sunkún pé, "Mílíìkì tí mo rà lójú títì ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fún un." Mo gbá a mọ́ra, mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ta ló mọ ohun tó fà á. Èmi mọ̀ ọ́n. Títí dòní, kò tíì fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ rí. Ó ní ọwọ́ òun ò dára.

Ọmọ mi, dárí jì mí bí o bá lè. Bí o ò bá lè, mo gbà. Àbúrò mi, mi ò tíì bẹ̀ ọ́ fún ìdáríjì, ìyẹn ń bọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ wà ní yàrá kejì, ebi ti ń pa á. Jọ̀ọ́, dìde, lọ fọwọ́ ara rẹ fún un lóúnjẹ.