Oògùn Tí Mo Dà Sí Gbòǹgbò Furúùtù

Ẹ̀yin ará àdúgbò mi ní Ìgándò, èmi Abigail Ọlátúnbọ̀sún, tí ẹ ń pè ní Màmá Kẹ́mi, ni mò ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún tó kọjá, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde lónìí, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ikú tó pa ẹnu náà dé.

Ẹ rántí igi furúùtù tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì mi, tí ẹ̀ka rẹ̀ bo títì dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun. Abẹ́ rẹ̀ ni Ebenezer tó ń tún bàtà ṣe gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Fàthíà, ayálégbé ilé kejì, máa ń gbé ọmọ rẹ̀ wá tí yàrá bá gbóná tí kò sì síná. Ibẹ̀ náà ni Bàbá Olútáyọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ti máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Bí èéfín ààtàn ńlá tó wà nítòsí wa bá dé, igi yẹn ló ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra kó tó kan fèrèsé wa. Mi ò mọ ìyẹn nígbà náà. Ewé tó ń dọ̀tí ọgbà mi nìkan ni mò ń rí. Rárá o, irọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ewé ló ń dùn mí. Ẹ̀rín wọn ni.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí Kẹ́mi náà sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà, ilé mi dákẹ́ débi pé ìró fíríìjì ni mò ń gbọ́. Lọ́sàn-án, màá jókòó sí pálọ̀, màá máa gbọ́ wọn lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Bàbá Olútáyọ̀ á sọ ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Fàthíà kan géètì mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ wá gba atẹ́gùn díẹ̀ lọ́dọ̀ wa jàre. Ẹ ò lè máa dá jókòó sínú ilé báyìí." Mo ní mi ò ráyè. Kí ni mò ń ṣe? Mi ò ṣe nǹkan kan. Ojú ló ń tì mí láti lọ jókòó ti ẹni tó ń tún bàtà ṣe, èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́, ìyẹn wá tún dùn mí ju pípè lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ní bí ibòji ò bá sí, wọn á túká, ọkàn mi á sì balẹ̀.

Gbòǹgbò igi náà ti wọ inú ọgbà mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí gbogbo yín ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi àdá ṣá gbòǹgbò wọ̀nyẹn títí èèpo wọn fi ṣí, mo da oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko sójú ọgbẹ́ náà láìbu omi là á. Mo kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo wẹ̀, mo múra, èmi náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ yẹn náà ni mo nà sí àlùfáà láti gba ara Olúwa. Ẹ ò rí irú èèyàn tí mo jẹ́? Mo sì tún un ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn.

Ewé furúùtù máa ń pọ́n kó tó wọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tí òjò dé tí igi ò rúwé, tí èèpo rẹ̀ ń já bọ́, ni ọ̀rọ̀ di ariwo. Alága ẹgbẹ́ onílé, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé, pe ìpàdé. Ó ní, "Irú igi yìí ò lè ṣàdédé kú. Ẹnì kan ló ṣe é. Màmá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ẹ ò rí nǹkan kan ni?"

Ká ní mo kàn dáhùn pé rárá, ì bá ti tó. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ lè wọ ọgbà mi wá wò. Mo ní mo rí Ebenezer tó ń da kẹ́míkà tó fi ń ṣiṣẹ́ sídìí igi. Ebenezer dìde. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Abẹ́ igi tí mo ti ń jẹun? Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wojú mi kẹ́ ẹ tún un sọ." Mo wojú rẹ̀. Mo tún un sọ.

Fàthíà bú sẹ́kún, ó ní, "Bọ̀dá Ebenezer ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé!" Àmọ́ èmi àgbàlagbà ni mo sọ̀rọ̀, ẹ sì gbà mí gbọ́. Ẹ ní kí Ebenezer kó ẹrù rẹ̀ kúrò ládùúgbò. Bó ṣe ru àpótí rẹ̀ kọjá níwájú géètì mi, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Màmá." Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń wá sì dé lóòótọ́. Oòrùn ń pa títì láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀. Èéfín ààtàn ń wọ yàrá mi tààrà, òrùlé gbóná bí ààrò. Fàthíà kó lọ sí Egan. Bàbá Olútáyọ̀ ò jáde mọ́ àfi tó bá ń lọ gba oògùn. Lóṣù tó kọjá, mo ṣubú lẹ́yìnkùlé, egungun itan mi sì kán. Mo ké, mo ké. Nígbà kan rí, ká ní mo wúkọ́ lásán níbẹ̀, ẹnì kan ì bá ti bi mí léèrè lẹ́yìn fẹ́ǹsì pé ṣé kò sí o. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré kọjá nínú oòrùn. Kò dúró. Ọjọ́ kejì ni obìnrin tó ń gbé omi wá fún mi tó bá mi nílẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ò lágbára tó láti gba iṣẹ́ abẹ.

Mo gba nọ́ńbà Ebenezer lọ́wọ́ Fàthíà. Ìlú Àgbàdo ló wà báyìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Màmá, ibi tẹ́ ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ òótọ́." Mo ní kó dákun, kó foríjì mí. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ ná."

Mo ti sọ ọ́. Ebenezer ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, gbogbo yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ má fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀ tán. Ibi tí èèyàn ti lè jókòó láìsanwó, láìkan géètì ẹnikẹ́ni, ti ń tán ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì dá wà bíi tèmi, ẹ má kórìíra àwọn tó wà papọ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ bá wọn, kódà tí ojú bá ń tì yín.

Ẹ foríjì mí. Mo ti fi fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí pé bí Ebenezer bá pè tí mo bá ń sùn, òun á jí mi.