Àtùpà Ìyá Fúnkẹ́

Bọ́lá ọmọ mi, kí ló dé tí o fi ìborùn bo ọmọ tuntun lójú nínú ooru yìí? Nítorí ètè rẹ̀ tó là? Ṣí i. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bùrọ̀dá Délé rẹ tí ọ̀rọ̀ ń já geere lẹ́nu rẹ̀ yẹn… bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń bo òun náà.

Mo kéré sí ọ nígbà náà. Ìsọlọ̀ la wà, ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá. Owó epo wà nílùú, gbọ́ o! Olúkúlùkù ń ra tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Délé ra mílíìkì òyìnbó, ó ra ìgò oúnjẹ ọmọ tó dára jù. Ó ní, "Kí lowó ò lè ṣe?" Àmọ́ àjà ẹnu ọmọ náà là pẹ̀lú ètè. Kò lè fa nǹkan kan. Èyí tó bá wọlé, imú ló ń gbà jáde. Ó ń rù… ó ń rù ṣáá.

Àwọn ìyá ìjọ wa bá wa wá àwọn dókítà aláàánú kan, tí ń rán irú ètè bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n gbé Délé sórí ìwọ̀n, wọ́n mi orí. "Madam, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ sanra ká tó lè fi abẹ kàn án."

Sanra báwo? Ọmọ tí kò lè mu ọmú!

Ìyá Fúnkẹ́, ará Èkìtì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló fa ìborùn kúrò. "Ìyá Délé, ta lò ń fi ọkọ mi pamọ́ fún?" Ó gbé e jókòó gbọnrangandan lórí itan. Ó ní kí n fún ọmú sínú ife, ó wá ń fi ṣíbí kékeré kán an sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e mì! Láti ọjọ́ náà, gbogbo obìnrin ilé ló gbà á ṣe. Ẹnìkan á pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Ìyá Fúnkẹ́, ẹ gbé ọkọ mi wá, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín!"

"Lọ wá tìrẹ, èyí ò tíì yó!"

Ẹ̀rín á sọ. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún gbọ́ ariwo yẹn… Lónìí ńkọ́? Géètì ni. Ta ló mọ orúkọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀?

Délé sanra. Wọ́n rán ètè. Nígbà tó yá, wọ́n rán àjà ẹnu. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fẹ́ nǹkan, kí èémí lè kọ́ ọ̀nà ẹnu. Ìyá Fúnkẹ́ á gbé àtùpà rẹ̀ síwájú rẹ̀. Délé á fẹ́, fẹ́, fẹ́. Iná ò tilẹ̀ ní mì.

"Má sunkún, ọkọ mi. Ìyá Délé, ọjọ́ tó bá lè fẹ́ ẹ pa, níbikíbi tí mo bá wà, mú un wá kó pa tèmi."

Mo ní, "Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run, mà."

Ká tó mọ̀, onílé ta ilé. A kó lọ sí Òkè-Àfá, Ìyá Fúnkẹ́ padà sí Èkìtì, n ò sì mọ ìlú wo. Gbogbo ìgbà tí Délé bá ti fẹ́ àbẹ́là pa, ọkàn mi á fò lọ bá Ìyá Fúnkẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó dá a sí dè mí.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá, àlejò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa dárúkọ rẹ̀, ó ní ìlú kan náà làwọn ń gbé. Èmi àti Délé gbéra lọ bá a. Màmá ò ríran mọ́. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n tan àtùpà. Délé onírùngbọ̀n dọ̀bálẹ̀, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ gíláàsì àtùpà, ó fẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan.

Iná kú. Màmá gbé imú sókè, ó gbóòórùn èéfín.

"Ìyá Délé," ó ní, "ọkọ mi ti yó."